Máṣíìnì Bàbá Mi Kò Ká Ọ̀nà Oǹdó Mọ́: Ṣé Kí N Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ ni, Àbí Kí N Ra Ńlá?

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, tíṣà ni mí, ọmọ ọdún 31. Bàbá wa fi Honda C70 kan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n papò dà. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, torí èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́ fún Bàbá. Nínú ìgboro, kò fún mi ní wàhálà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan ní Oǹdó báyìí, Àkúrẹ́ sì ni mo ṣì ń gbé. Bí mo bá ti dé títì márosẹ̀, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè lẹ́yìn mi. Bí àfẹ́sọ́nà mi bá wà lẹ́yìn, òkè kékeré á mú kí máṣíìnì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mẹ́káníìkì mi ní òun máa yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, òun á fi ẹ́ńjìnnì 125cc ti Ṣáínà rọ́pò, pé kò ní gbà ju ọjọ́ méjì lọ. Àfẹ́sọ́nà mi ní kí n tà á, kí n fi owó ìgbéyàwó tí a ń tọ́jú kún un, kí n fi ra Bajaj Boxer. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì Bàbá, kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Màmá wa ò sọ púpọ̀. Wọ́n kàn ní bí àwọn bá gbọ́ ohùn máṣíìnì yẹn, ó máa ń ṣe àwọn bíi pé Bàbá ló ń bọ̀. Mi ò mọ ti ta ni kí n ṣe.
Tíṣà Onímáṣíìnì, Àkúrẹ́

Ìdáhùn:

Ọmọ mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọjọ́ á jìnnà síra wọn nínú ìdílé yín. O káre tí o kọ̀wé kí o tó ṣe ohunkóhun, torí nǹkan tí mẹ́káníìkì bá ti gé tàbí tí o bá ti tà kì í rọrùn láti dá padà.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí o má bàa máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ́ńjìnnì 125 sínú C70 yẹn, má sì tà á. Tún un ṣe dáadáa ní ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ó máa bá ọ ṣe iṣẹ́ ìgboro. Ọ̀nà Oǹdó fẹ́ máṣíìnì mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa gbà ọ́ ní oṣù mélòó kan kí o tó rówó rà á.

Mẹ́káníìkì rẹ ò parọ́ o. Ọmọ mẹ́káníìkì ni èmi náà, mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹ́ńjìnnì C70 dùbúlẹ̀ ni, sílíńdà rẹ̀ kọjú sí táyà iwájú. Àwọn ará Ṣáínà ń ṣe ẹ́ńjìnnì 110 àti 125 tó dùbúlẹ̀ bákan náà, tí ojú bóòtù rẹ̀ bá ti Honda mu. Ìdí nìyẹn tó fi lè fi ọkàn balẹ̀ sọ pé ọjọ́ méjì ti tó. (Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì máṣíìnì Honda CG125, tó dúró gangan, ló ní lọ́kàn, á jẹ́ pé ó máa gé irin, ó máa wẹ́ẹ̀dì. Sá fún ìyẹn pátápátá.)

Àmọ́ ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló ń gbé èèyàn dé Oǹdó. C70 jẹ́ 72cc (cc ni wọ́n fi ń wọn àyè inú sílíńdà), agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 6 lọ. Bíréèkì ṣúù kéékèèké inú họ́ọ̀bù rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ tó kúrú, táyà rẹ̀ tó tín-ín-rín, fíréèmù rẹ̀ tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀, agbára kékeré yẹn ni Honda wọn gbogbo wọn mọ́. Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, ó dà bí ẹni gbé ìkòkò àsè ka orí ààrò tí wọ́n mọ fún ọbẹ̀ èèyàn méjì. O ti fún un ní eré, o ò fún un ní ohun tí yóò fi dúró.

Ìdúró yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí eré máṣíìnì bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì máa jẹ kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìwọ tíṣà lè kọ ìṣirò yẹn sí pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Wá gbé e wá sí ojú ọ̀nà: o ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ níbi afárá Ọ̀wẹnà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọmọ ọlọ́mọ wà lẹ́yìn rẹ, ewúrẹ́ kan sáré já títì. Ẹ́ńjìnnì 125 ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Bíréèkì ló lè gbà ọ́, ti C70 sì ni bíréèkì náà.

Ọ̀rọ̀ ìwé tún wà ńbẹ̀, mẹ́káníìkì kì í sábà rántí rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé máṣíìnì Bàbá, ó sì tún wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá tàbí àwọn VIO, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, bá dá ọ dúró, tí wọ́n fi ìwé wé irin tí wọn ò bára mu, ìwọ ni o máa ṣàlàyé ibi tí o ti rí ẹ́ńjìnnì, torí máṣíìnì jíjí ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ní láti lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí o sì ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwọ náà yẹ ìwé yẹn wò lálẹ́ òní: orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Bó bá ṣì jẹ́ orúkọ Bàbá, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́ kí o tó pe mẹ́káníìkì kankan.

Ìyẹn gbé mi dé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Inú lè máa bí ọ sí i pé ó le jù, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. O sọ fún mi pé lẹ́yìn ìsìnkú ló fún ọ ní kọ́kọ́rọ́. Bí Bàbá bá fà á lé ọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wà láàyè, lójú àwọn ará ilé, tìrẹ ni. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọn ò sì kọ ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ Bàbá ló ni ín nílànà Yorùbá, ìwọ lo kàn ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ogún kì í tà á láìpe àwọn yòókù, kì í sì í yọ ọkàn rẹ̀ láìbéèrè. Nítorí náà, má ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ lórí fóònù. Lọ bá a nílé nírọ̀lẹ́, kí o kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe nílé yín, kí o sọ fún un pé o ò ní pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, pé o fẹ́ tún èyí tó wà níbẹ̀ ṣe, àti pé o fẹ́ kí ó mọ iye tó máa ná ọ. Mo rò pé yóò fi owó díẹ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí kò bá tiẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan ràn ọ́ lọ́wọ́, ìbínú yẹn á rọlẹ̀. Ó tún lè sọ pé máṣíìnì yìí kan náà ni Bàbá fi gbé kòkó wá láti oko. Má bá a jiyàn. Òótọ́ ni: jíà kìn-ín-ní C70 lè fa ẹrù tó pọ̀ lójú ọ̀nà oko, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ẹni tó ń lé e. Ibi tí agbára rẹ̀ ti ń tán ni kí tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó sì máa sáré.

Wàyí o, àtúnṣe. Máṣíìnì tí òkè kékeré ń dá lágara pẹ̀lú èèyàn méjì lè jẹ́ pé agbára tó yẹ kó ní gan-an kò pé mọ́. Kí wọ́n wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó nínú sílíńdà, kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀, kí wọ́n gbé sílíńdà lọ bá tọ́nà kí ó ríbọ̀ọ̀ rẹ̀ (kí ó gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀), kí wọ́n fi písítìnì àti ríìngì tó fi díẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i. Wọ́n ń ta á ní 0.25 mílímítà, 0.50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n lọ fáàfù, kí wọ́n wo ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tú kabúrétọ̀ fọ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n: láti ọdún 1958 ni Honda ti ń ṣe irú máṣíìnì yìí, nígbà tó fi di ọdún 2017 ó ti ṣe ju mílíọ̀nù 100 lọ, ká má tíì ka èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń wò ó ṣe. Ìyẹn ló jẹ́ kí písítìnì rẹ̀ ṣì wà lọ́jà.

Iná rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń lo bátìrì fóòtì 6, iná iwájú rẹ̀ á máa dín kù bí ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀, á máa mọ́lẹ̀ bó bá ké. Àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ní fóòtì 12 àti CDI (ẹ̀rọ tó ń mú kí púlọ́ọ̀gì ṣáná), mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ lè gbé wáyà àti kọ́ìlì irú ìyẹn sí tìrẹ. Owó tí o bá ná lé èyí, mo fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Bíréèkì ṣúù tuntun àti táyà tuntun náà, ná owó sí wọn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: kò ní fílítà bíi ti mọ́tò, asẹ́ kékeré kan ló ń sẹ́ ọ́ìlì rẹ̀, torí náà má jẹ́ kí ọ́ìlì dúdú kí o tó pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n lè sọ fún ọ pé kí o fi sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú (irin eléyín tó ń fa ṣéènì) tó tóbi sí i kí ó lè sáré. Kọ̀ ọ́. Ó máa fún ọ ní eré díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, yóò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ ní gbogbo òkè, Àkúrẹ́ sì kún fún òkè.

Nípa ohun tí Màmá yín sọ, ríbọ̀ọ̀ ò ní yí ohùn máṣíìnì padà. Ẹ́ńjìnnì mìíràn àti sàlẹ́ńsà mìíràn ló ń yí i. Sọ fún mẹ́káníìkì kí ó fi sàlẹ́ńsà Bàbá sílẹ̀ bó ṣe wà. Èmi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí ìyá opó ń gbọ́ láti inú yàrá rẹ̀, kí ìwọ náà má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ọ̀nà Oǹdó wá kù. Láti Àkúrẹ́, àlọ àti àbọ̀ kò dín ní kìlómítà 80, lójoojúmọ́ tí ilé-ìwé bá wà. Bí o bá bi mí, CG125 tó ṣì mọ́ lára ni màá kọ́kọ́ wá. Ọdún 1976 ni Honda gbé e jáde, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ni wọ́n ní lọ́kàn: wọ́n yọ ṣéènì kúrò nínú orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ọ̀pá tó ń ti fáàfù rọ́pò, kí ẹni tí kò ráyè tọ́jú rẹ̀ dáadáa ṣì lè máa gùn ún. 124cc ni, agbára rẹ̀ sún mọ́ ìlọ́po méjì ti C70, fíréèmù àti bíréèkì rẹ̀ sì bá agbára náà mu. Boxer tí àfẹ́sọ́nà rẹ dárúkọ náà dára. Ó lágbára, gbogbo mẹ́káníìkì ìgboro ló mọ inú rẹ̀. Èyí tí o bá rí tí ìwé rẹ̀ pé, tí kò sì tíì ṣe ọ̀kadà, ni kí o mú.

Bí o bá lọ wò ó, fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti kọ́kọ́ tan án kí o tó dé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó máa ń ṣòro tan tó bá tutù. Èéfín búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Wo ọrùn fíréèmù, lábẹ́ ibi tí ọwọ́ máṣíìnì wà, bóyá ojú wẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀. Bó bá wà, kí o máa lọ ilé. Fi nọ́ńbà ara irin wé ti inú ìwé kí o tó fa owó yọ. Láísẹ́ǹsì tìrẹ náà gbọ́dọ̀ ní kíláàsì A, èyí tó wà fún máṣíìnì. Títí di ìgbà tí o fi máa rà á, bá àwọn tí ń wọ mọ́tò lọ Oǹdó wọ mọ́tò. Owó rẹ̀ á dùn ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí o máa gbé C70 sá fún tírélà.

Ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ gidigidi. Nínú gbogbo àwọn tó bá ọ sọ̀rọ̀, òun nìkan ni ara rẹ̀ wà lórí máṣíìnì náà. Ó tọ̀nà pé C70 kò yẹ lójú ọ̀nà yẹn. Ibi tí mi ò ti gbà fún un ni títà, torí ọwọ́ ìwọ nìkan kọ́ ni títà wà, àti owó ìgbéyàwó, torí bí máṣíìnì bá ti jẹ ẹ́ tán, ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni ẹjọ́ máa dé. Ẹ jókòó papọ̀, kí ẹ ya owó máṣíìnì sọ́tọ̀ lóṣooṣù láti inú owó oṣù rẹ, kí owó ìgbéyàwó dúró síbi tó wà. Ra àṣíborí méjì kí o tó ra máṣíìnì, ọ̀kan fún òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí àwọn FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò dé àṣíborí, àwọn kan dé igbá sórí kí wọ́n má bàa mú wọn. Igbá lè gbà ọ́ lọ́wọ́ FRSC, kò lè gba orí lọ́wọ́ ọ̀dà títì. Àṣíborí tí okùn rẹ̀ dì mọ́ àgbọ̀n dáadáa ni kí o rà.

Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ wo CG tàbí Boxer náà, mú un dání. Kí òun náà jókòó sẹ́yìn rẹ, kí ẹ gun òkè kan, kí ẹ sì tẹ bíréèkì wò kí owó tó jáde lápò. Bó bá ní ara òun ò lélẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá òmíràn.