Èsì: ooru inú gíríìnháòsì l'Ékòó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fín omi bí ìrì, torí ooru ń mú kí òdòdó tòmátì yín máa rẹ̀ dànù nínú gíríìnháòsì, ìyẹn ilé ọ̀rá tí ẹ gbin wọ́n sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó yẹn. Ìgbà tí omi bá ń gbẹ ló ń mú ooru lọ. Afẹ́fẹ́ Èkó ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, omi tí ẹ bá fín ò ní tètè gbẹ, ewé á kàn rin gbingbin, àrùn á sì tẹ̀lé e. Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ooru ríbi jáde, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì rọ́pò ọ̀rá ẹ̀gbẹ́. Nẹ́ẹ̀tì ìbòòji, ìta òrùlé ni kí ẹ ta á sí. Tó bá wà nínú, ooru ti wọlé ná. Ṣé ojú nẹ́ẹ̀tì kòkòrò yín kéré gan-an? Ìyẹn náà máa ń dí atẹ́gùn.