RAM 4GB wọ slot G41 dáadáa, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ò tan: ẹ má tíì ra motherboard tuntun

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa kọ̀ǹpútà tó ń lo processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core 2 Duo yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ mú owó yín ná. Ohun tí ẹ sọ ni pé motherboard (bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) oríṣi G41 ló wà nínú ẹ̀, slot méjì tí wọ́n ń ti RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, bọ̀ ló ní, RAM 1GB méjì ló sì ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ ra RAM DDR3 4GB kan, ẹ tì í bọ slot, fáànù ń yí, ó ń ké pípípí, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn biribiri. Ẹni tó ń bá yín tún un ṣe ní bọ́ọ̀dù ti kú. Àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ pé nígbà tí ẹ dá RAM àtijọ́ padà sínú slot kan náà, ó tan. Bọ́ọ̀dù tó ti kú kì í tan. RAM tuntun yẹn ni bọ́ọ̀dù yín ò lè kà.

Irú ẹ̀ ti kàn mí rí. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní n'Íbàdàn, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni gbogbo èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, G41 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí èsì WAEC bá jáde, tí àwọn ọmọ tò dé ìta, tí a wá ṣí ojú ewé bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, 2GB ò lè gbé e. Kọ̀ǹpútà á dì gbagidi, àwọn òbí á sì máa wo aago. Mo bá ra RAM 4GB fún wọn. Ẹni tó tà á fún mi búra pé DDR3 kan ò yàtọ̀ sí òmíràn. Kò sí èyí tó tan nínú wọn àfi ọ̀kan ṣoṣo, òun náà sì ka 4GB sí 2GB. Ẹni tí mo pè wá wò ó ní iná NEPA ló ti ba àwọn bọ́ọ̀dù jẹ́, kí n lọ wá owó òmíràn. Owó ọ̀hún kò sí nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ló bá mi yọ RAM 4GB kan nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa tì. Mo tì í bọ slot bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ yẹn, ó tan lójú ẹsẹ̀, 4GB náà sì pé pérépéré.

Mo wá gbé RAM méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Eyín aláwọ̀ wúrà wọn dọ́gba, 240 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n gé láàárín eyín bára mu. 4GB ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì. Àmọ́ ti ọ̀rẹ́ mi ní ṣíípù dúdú 8 níwájú, ó tún ní 8 lẹ́yìn. Èyí tí mo rà ní 8 níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́jú lásán, kò sí ṣíípù kankan níbẹ̀. Ẹ yọ tiyín, ẹ yí i padà, ẹ wò ó. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, a ti rí ohun tó ń dà yín láàmú.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ọdún 2008 ni G41, ohun tí Intel ṣe láti máa darí motherboard yín, jáde, ṣíípù RAM gigabit 2 sì ni èyí tó tóbi jù lọ tí wọ́n kọ́ ọ láti kà. Gigabit 8 ló ń di gigabyte kan, torí náà ṣíípù gigabit 2 ní láti pé 16 kó tó di 4GB. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe RAM bẹ̀rẹ̀ sí í lo ṣíípù gigabit 4, tó jẹ́ pé 8 péré ti di 4GB. Ìyẹn ló pọ̀ lọ́jà báyìí. RAM náà kò bàjẹ́ o. Bí ẹ bá tì í bọ kọ̀ǹpútà Core i3 tàbí i5 ti ìran kejì tàbí ìkẹta, á ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. G41 ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ṣíípù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ lọ gbé BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà bí ẹ bá tan án) tuntun sí i, tàbí kí ẹ pààrọ̀ processor, ẹ má dá a lóhùn. Ara motherboard ni ohun tó ń ka RAM wà nínú àwọn Core 2 Duo wọ̀nyí, kò sí nínú processor, BIOS ò sì lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ṣíípù pàápàá. Àwọn RAM 4GB kan wà tó jẹ́ ṣíípù 16 lóòótọ́, tí owó wọn dín gan-an, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tó ń lo processor AMD, kì í ṣe ti Intel, nìkan ló ń gbà wọ́n. Wọ́n pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn á kọ ọ́ sí i pé ti AMD ni, ẹlòmíràn á dákẹ́. Bí wọ́n ṣe to ṣíípù wọn yàtọ̀, Intel ò sì mọ̀ ọ́n kà. Nítorí náà, kíka ṣíípù nìkan ò tó. Ẹ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ohun tí ẹ ń wá ni “4GB 2Rx8 PC3-10600U”. 2Rx8 yẹn ni kókó ọ̀rọ̀: 2R ni pé ọ̀wọ́ ṣíípù méjì ló ní, x8 sì ni irú ìtò ṣíípù tí Intel mọ̀ ọ́n kà. Bó bá jẹ́ 1Rx8 lẹ rí lára 4GB, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Bí kò bá sí bébà kankan lára rẹ̀, tàbí wọ́n ti ya á, ẹ má san kọ́bọ̀ àfi tó bá tan lójú yín.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn lára PC3-10600U náà ṣe pàtàkì. U ni ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì. R jẹ́ ti sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò), ó sì pọ̀ láàárín àwọn tòkunbọ̀ tó ń wọlé. Eyín rẹ̀ 240 ni bákan náà, á wọ slot yín láìjanpata, ṣùgbọ́n kò ní tan láéláé. Bí ẹ bá ka ṣíípù tó sì jẹ́ 9 tàbí 18 dípò 8 tàbí 16, ti sáfà nìyẹn, ẹ gbé e kalẹ̀.

Ní ti 1066, 1333 àti 1600 tí wọ́n ń kọ sí i, ìyẹn bí RAM ṣe ń yára tó, ẹ má jẹ́ kó gbà yín lóorun. RAM 1333 á rọra sáré ní 1066 lórí G41. PC3L náà, tó ń lo fólítì 1.35, lè ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fún un ní 1.5.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wá orúkọ motherboard yín gan-an, torí G41 kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ fi RAM àtijọ́ tan án, ẹ ṣí CPU-Z (ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà), ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Mainboard sí. Ẹ wá ìwé bọ́ọ̀dù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo iye RAM tó lè gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo DDR3 ń gba 8GB, ìyẹn 4GB méjì, àmọ́ àwọn kan ò kọjá 4GB lápapọ̀. Àwọn G41 mìíràn tún wà tó jẹ́ DDR2 ni wọ́n ń lò, tàbí tí wọ́n ní slot DDR2 àti DDR3 lára bọ́ọ̀dù kan náà. Ẹ ò lè lo oríṣi méjèèjì pọ̀ lórí irú wọn. Eyín DDR2 náà 240 ni, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé e yàtọ̀, torí náà bí RAM kan ò bá fẹ́ wọlé, ẹ má fi agbára tì í.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé kéèsì náà lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ Computer Village n'Íkẹjà tàbí ibòmíràn tó súnmọ́ yín. Mo mọ̀ pé ó wúwo, mo sì mọ bí mọ́tò ṣe ń rí. Àmọ́ ẹni tó bá ń ta RAM tó ṣeé fọkàn tán á ní monitor nílẹ̀, á sì jẹ́ kí ẹ tan án wò. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ dídá padà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Tí ẹ bá fẹ́ ti RAM bọ slot, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin kéèsì, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí ara wa máa ń ta pàrà bí a bá fọwọ́ kan irin. Ẹ fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu eyín RAM náà jẹ́jẹ́, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ orí rẹ̀ méjèèjì títí ẹ ó fi gbọ́ “ká”. Bó bá tan, ẹ pa á, ẹ dán ìkejì wò lóun nìkan, kí ẹ tó wá fi méjèèjì sí i pọ̀. Bí 2Rx8 gidi bá kọ̀ láti tan, ẹ yọ bátìrì CR2032 tó wà lára bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ dá a padà, kí ẹ tún tan án.

Bó bá wá tan tán, tí Windows ní òun rí 4GB àmọ́ nǹkan bíi 3.2GB lòun lè lò, RAM kọ́ ló ṣe é. Windows 32-bit lẹ ń lò, kò sì lè lo gbogbo 4GB náà. Core 2 Duo lè gba 64-bit, ẹ gbé ìyẹn sí i.

Ẹ fi Memtest86+ (ètò tó ń yẹ RAM wò) sórí flash, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú lọ́jọ́ tí iná bá wà. Bí ó bá kọ àṣìṣe pupa kan péré jáde, ẹ dá RAM náà padà kí ọjọ́ tí ẹni tó tà á dá fún yín tó kọjá. Ní báyìí ná, ẹ kọ ohun tó wà lára bébà RAM tí ẹ rà yẹn ránṣẹ́ sí mi, àti orúkọ tí CPU-Z bá pe bọ́ọ̀dù yín, kí n bá yín wò ó kí ẹ tó náwó kankan.