Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú abẹ́rẹ́ ṣúgà Bàbá?

ÌBÉÈRÈ: Salaam alaykum. Bàbá wa ní ṣúgà, dókítà ní kí wọ́n máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, àfi bí ẹnìkan ládùúgbò ṣe sọ fún wọn pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, látìgbà náà wọn ò gbà ká gún un fáwọn mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló tún dé tó jẹ́ òkè òkun ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá, táwa ò lè ṣe tiwa?
Ọmọ Bàbá, Ọjà Gbọ̀rọ̀, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Wa alaykum salaam. Ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n má dá abẹ́rẹ́ ọ̀hún dúró láì rí dókítà, ọ̀rọ̀ ṣúgà ò ṣe é fi ṣeré o. Aládùúgbò yín ò kúkú parọ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Ara ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń yọ ínsúlínì lóòótọ́ nígbà kan. Àmọ́ ní 1978 àwọn onímọ̀ kan ní California mú jíìnì (ìlànà inú ara tó ń sọ ohun tí ara máa ṣe) tí ara èèyàn fi ń ṣe ínsúlínì, wọ́n fi sínú bakitéríà, kòkòrò tójú ò lè rí yẹn, ni bakitéríà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ínsúlínì èèyàn. Ní 1982 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. Àwọn ilé iṣẹ́ míì ń lo yíìsì, irú èyí táwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ẹ wo ara páálí tiyín, tẹ́ ẹ bá rí "human" tàbí glargine tàbí aspart, kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú un lọ han àfáà yín náà, Bàbá á tètè gba tiwọn ju tèmi lọ.

Ní ti pé a ò lè ṣe tiwa, inú máa ń bí mi díẹ̀ tí wọ́n bá bi mí níyẹn. Láti 1940 la ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Yábàá l'Ékòó, ti ìgbóná, ti dìgbòlugi, ti yellow fever. Ní 1991 wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, títúnṣe náà la ṣì ń wò. Serum Institute, ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ní Íńdíà, 1966 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ara ẹṣin ni wọ́n ti ń yọ oògùn ìgbà yẹn, wọn ò sì dúró, lónìí àwọn ló ń ṣe abẹ́rẹ́ ibà R21 tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2023. Yábàá fi ọdún 26 ṣáájú wọn! Ilé iṣẹ́ báyìí ń fẹ́ iná tí kì í lọ, nítorí inú ọpọ́n ńlá ni wọ́n ti ń sin bakitéríà yẹn, ó ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tówó oṣù ẹ̀ ń wọlé, ó tún ń fẹ́ ìjọba tó máa rajà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé nìkan làwọn tiwa mọ̀ ọ́n kọ́, wọ́n á gé rìbọ́n, ó tán. African Union ní tó bá fi máa di 2040, kí Áfíríkà máa ṣe ìdá 60 nínú 100 abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń lò. A ń wò wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Medicine lọmọ mi obìnrin fẹ́ kà ní Unilorin, Microbiology ni wọ́n fún un. Bàbá ẹ̀ ní kó má gbà á, pé kí lèèyàn fẹ́ fi máíkírò jẹ.
Ìyá ọmọ, Ọ̀ffà

ÌDÁHÙN: Mà á ní kó gbà á, Mọ̀mí. Nígbà tí kòrónà wọ Nàìjíríà ní 2020, láàbù Redeemer's University ní Ẹdẹ níbí ló ka jíìnì kòkòrò náà láàrin ọjọ́ díẹ̀, òun ló kọ́kọ́ kà á ní Áfíríkà, irú iṣẹ́ táwọn tó ka máíkírò ń ṣe nìyẹn. Àmọ́ mi ò ní tàn yín, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe POS báyìí. Kó kọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, torí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ka jíìnì, kó má sì lọ ṣe IT ẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe, níbi tí wọ́n á ti máa rán an lọ ra ẹ̀wà. Tó bá jẹ́ láàbù ọsibítù ló wù ú, Medical Laboratory Science ni kó ṣe, àwọn yẹn ló ń gba láísẹ́ńsì, ti máíkírò ò gbé e débẹ̀. Kó rò ó kó tó san acceptance fee.