Ìkànnì Wa Pòórá Lórí Google: Ṣé Kí N Sanwó fún Ẹni Tó Ní Òun Á Dá A Padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Kétu ni mí, ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ la ń gbẹ́ nílé wa. Láti ọdún 2017 la ti ní ìkànnì tí bàbá wa ti ń ṣàlàyé ère kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tẹ «masque Guèlèdè Kétou» sórí Google, àwa ló máa kọ́kọ́ rí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan bá wa tún un kọ́, ó dùn ún wò gan-an, ó sì fún wa ní àdírẹ́sì tuntun tó parí sí .bj. Àtìgbà náà, ìpè láti ilẹ̀ Faransé ti dá. Ẹnì kan wá ní kí n mú 150 000 sẹ́fà wá, pé láàárín ọjọ́ méje òun á dá wa padà sókè. Ṣé kí n fún un?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má fún un. Google fúnra rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á gbé ìkànnì dé ipò kìíní. Líǹkì, ìyẹn ìtọ́ka láti ìkànnì míì sí tiyín, ni irú wọn sábà máa ń lọ rà lọ́pọ̀ yanturu, kó lè dà bíi pé gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ yín. Èrú ni Google ka ìyẹn sí, ó sì lè torí rẹ̀ fìyà jẹ ìkànnì. Owó á lọ, àìsàn á tún lé kún àìsàn.

Kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ já wálẹ̀ ni tàbí ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Tẹ «site:» sórí Google, kí o lẹ àdírẹ́sì tuntun yín mọ́ ọn láìfi àyè sí i. Bí kò bá mú ohunkóhun jáde, àpótí kan wà tí o máa lọ wò. Ìyá kan tó ní ilé àlejò níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi nígbà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ṣí WordPress, ètò tí wọ́n fi kọ́ ìkànnì rẹ̀, mo wọ «Réglages», mo wọ «Lecture». Nísàlẹ̀ níbẹ̀, àmì wà nínú àpótí tó ń bẹ Google àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má fi ìkànnì náà han ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ́ ọ ló fi í síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí, kò sì rántí yọ ọ́. Mo yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, àlejò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

Ṣùgbọ́n nínú tìrẹ, àdírẹ́sì tuntun yẹn ni mo fura sí jù. Ìyá tó ń tajà lọ́jà Ouando, bó bá fẹ́ kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí ìlà míì, á sọ fún àwọn tó ń bá a pààlà kí wọ́n máa júwe òun fún oníbàárà. Ẹ̀yin ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ tó máa júwe yín. Àdírẹ́sì ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ni Google mọ̀, kò mọ orúkọ ìdílé yín. Gbogbo líǹkì tí àwọn arìnrìn-àjò tó wá wo Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, ti fi tọ́ka sí yín látọdún 2017, ilẹ̀kùn tí a ti tì pa ni wọ́n ń já sí báyìí.

Ìdarí 301 ni oògùn rẹ̀: òun ló ń sọ fún Google àti oníbàárà pé ojú-ewé yìí ti kó lọ pátápátá, ibi báyìí ló wà. Mú ìwé kan, fa ìlà sí i láàárín. Kọ àdírẹ́sì àtijọ́ sí apá òsì, kọ tuntun tó bá a dọ́gba sí apá ọ̀tún: /masques-efe kọjú sí /boutique/efe, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ọmọkùnrin tó bá yín tún ìkànnì kọ́ ní ìwé náà, kó fi ṣe ìdarí ọ̀hún, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó da gbogbo wọn sórí ojú-ewé àkọ́kọ́. Ọ̀lẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Google sì sábà máa ń ka àdírẹ́sì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ sí òkú. Bí ẹ bá ti forúkọ ìkànnì àtijọ́ sílẹ̀ nínú Search Console, irinṣẹ́ Google tó ń fi han onííkànnì bí àwọn èèyàn ṣe ń rí i lórí Google, ọ̀fẹ́ ni, àkọsílẹ̀ oṣù 16 sì wà ní «Performances» níbẹ̀. Fi oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ìyípadà wé mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àwọn ojú-ewé tó ń mú oníbàárà wá á hàn kedere. Àwọn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ darí. Lẹ́yìn náà, ẹ lo «Changement d'adresse» níbẹ̀ kan náà láti sọ fún Google pé ẹ ti kó lọ. Google ní kí ìdarí náà wà fún ọdún kan ó kéré tán. Tèmi ni pé kí ẹ má yọ ọ́ láé.

Bí ọjọ́ tí ìpè dá kò bá bá ọjọ́ ìyípadà mu, kọ̀wé sí mi padà, torí Google náà máa ń tún ìlànà rẹ̀ tò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

O ní ìkànnì tuntun náà dùn ún wò. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé àlàyé bàbá yín lórí Ẹ̀fẹ̀ alẹ́ (eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń wáyé lóru), lórí igi tí ẹ ń lò àti bí ẹ ṣe ń kùn ún ṣì wà níbẹ̀, àbí àwòrán ńláńlá ló gbapò rẹ̀? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà nínú àkójọ UNESCO látọdún 2008, ọ̀pọ̀ ló ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ di àáké mú. Ẹ dá ọ̀rọ̀ bàbá padà, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Gbogbo èyí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tiẹ̀ lè di oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n lónìí, kílẹ̀ tó ṣú, pe ọmọkùnrin yẹn, bi í bóyá ẹ ṣì ń sanwó àdírẹ́sì àtijọ́. Bó bá ti fẹ́ parí, ẹ san án. Bí ẹlòmíì bá fi rà á, kò sí ibi tí ẹ máa fi 301 sí mọ́.