Dígírì Mélòó Ló Yẹ Kí Ilé Wà Nígbà Òtútù?

Ìbéèrè àwọn òǹkàwé wa àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọ̀gìnnìtìn. Ìlú Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni a bí ọmọ wa àkọ́kọ́. Ìyá ọkọ mi ti Abẹ́òkúta wá bá wa tọ́jú ọmọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ti di ìjà abẹ́lẹ̀ láàárín wa: ọkọ mi á fi sí 17 nítorí owó gáàsì, màmá á dìde lóru, wọn á yí i sí 26, èmi á sì tún yọ́ kẹ́lẹ́ lọ dá a padà. Yàrá kan náà ni màmá àti ọmọ ń sùn, híítà oníná sì máa ń wà ní títàn níbẹ̀ mọ́júmọ́, pẹ̀lú fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lára ọmọ. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ àwa ènìyàn dúdú kò gba òtútù. Dígírì mélòó gan-an ló yẹ kí ilé wà, báwo ni mo sì ṣe lè sọ ọ́ fún màmá tí kò fi ní dà bí àfojúdi?
— Ìyàwó ilé kan, Manchester

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, nítorí pé ẹni tí ooru ilé yìí kàn ju ẹyọ kan lọ, ohun tó bá ara ẹnì kan mu níbẹ̀ sì lè ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí màmá bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí ilé gbígbé àti ìlera, ohun tí wọ́n sì sọ níbẹ̀ ni pé nígbà òtútù kò yẹ kí inú ilé tutù ju 18°C lọ, àti pé àwọn àgbàlagbà, àwọn ọmọdé àti àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra lè nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ará ìlú kò yàtọ̀ sí i: kí yàrá tí ènìyàn ń lò déédéé má dín ní 18°C, pàápàá bí ẹni náà bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin tàbí tí ara rẹ̀ kò le. Ìdí rẹ̀ ni pé, bí òtútù bá mú ènìyàn, àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá a máa sún kì, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkàn á wá máa fi agbára tì í, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì ga sókè. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi irú àlékún bẹ́ẹ̀ ṣe. Nítorí náà, 17 tí ọkọ yín ń fi ẹ̀rọ sí kò dára fún ìyá tó bí i lọ́mọ, ẹ sì lè jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n 26 ti màmá kò dára fún ọmọ rárá. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn àjọ tó ń rí sí oorun ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ àwọn òbí ni pé kí yàrá tí ọmọ ìkókó ń sùn sí wà láàárín 16°C sí 20°C. Ooru àpọ̀jù wà lára àwọn ohun tó ń fi kún ewu ikú òjijì tó máa ń pa ọmọ ìkókó lójú oorun. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò sì lè ṣí aṣọ kúrò lára, kò lè sọ pé ooru ń mú òun. Orí ni ọmọ ìkókó fi ń tú ooru ara rẹ̀ dànù jù, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí fìlà wà lórí rẹ̀ bí ó bá ń sùn nínú ilé. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ mọ̀ bóyá òtútù ń mú un, nítorí pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tuntun a máa tutù nígbà tí ara rẹ̀ yá gágá. Àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Bí ibẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó làágùn, kí ẹ bọ́ aṣọ kan kúrò.

Ibi tí ti màmá àti ti ọmọ ti wá pàdé ni àárín 18 sí 20. Bí yàrá yẹn yóò bá jẹ́ ti àwọn méjèèjì, 19 ni èmi yóò fi sí. Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó fún màmá, aṣọ ni kí ẹ fi dí i. Lọ́dún 1941, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tilẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún aṣọ. Ẹyọ kan rẹ̀ ni ìwọ̀n aṣọ tí ó tó fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá 21°C kí ara fi tù ú, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kóòtù àti ṣòkòtò gígùn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì lábẹ́. Ìró òun bùbá kò tó bẹ́ẹ̀, áńbọ̀sì bùbá léèsì tí afẹ́fẹ́ ń gba ojú ihò rẹ̀ wọlé. Súẹ́tà nínípọn kan ṣoṣo tó bíi dígírì méjì lára ẹni tó jókòó. Ẹ ra súẹ́tà fún màmá, àwọ̀sùn tó nípọn, ìbọ̀sẹ̀ onírun àti bàtà inú ilé, kí ẹ sì máa bá wọn gbé ìgò rọ́bà olómi gbígbóná sí ẹsẹ̀ ibùsùn tiwọn. Ẹ má ṣe gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wa kò gba òtútù, mo gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá tèmi náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Denmark kan, P. O. Fanger, ṣe ìwádìí rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ó lé sẹ́yìn: ó fi àwọn ará ìlú rẹ̀ àti àwọn tó ti ilẹ̀ olóoru wá sínú irú yàrá kan náà, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́ kan náà lára, ìwọ̀n ooru tí àwọn méjèèjì sì ní ó tu àwọn lára kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Àwọn olùwádìí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi kún un pé ohun tó ti mọ́ ènìyàn lára ń kó ipa tirẹ̀. Ẹni tó ti inú ooru Abẹ́òkúta bọ́ sínú ọkọ̀ òfuurufú, tí ó wá sọ̀ sí Manchester nínú oṣù Kejìlá, kò lè sọ pé 19 tu òun lára lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fún wọn láàyè.

Ohun kan tún wà tí Fanger tẹnu mọ́, tí a kì í sábà rántí: ooru afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ni ara ń gbọ́. Ara ń gbọ́ ooru ògiri, ó ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá, àti ọ̀rinrin inú ilé, aṣọ tí ènìyàn wọ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ògiri àti gíláàsì tó tutù ń fa ooru kúrò lára ẹni tó bá sún mọ́ wọn, bí tẹ̀mómítà tilẹ̀ ń kà 20. Nítorí náà, kí ẹ tó fi kún ooru ẹ̀rọ, ẹ wo ibi tí ibùsùn màmá wà. Bí ó bá fara ti ògiri ìta tàbí tí ó wà lábẹ́ fèrèsé, ẹ sún un. Ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ fa kọ́tìnnì nípọn ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ sì rí i pé kọ́tìnnì náà kò bo rédíétọ̀, ìyẹn irin ara ògiri tó ń tú ooru sínú yàrá, mọ́lẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn àga ìjókòó yín náà. Púpọ̀ nínú wa ló ń fi owó gáàsì yá ẹ̀yìn àga lára.

Ẹ pa híítà oníná yẹn lóru. Ẹyọ kan iná mànàmáná tó ìlọ́po mẹ́rin owó ẹyọ kan gáàsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Híítà oníkílówáàtì méjì tí ó bá ń jó tí kò sinmi fún wákàtí mẹ́jọ yóò jẹ ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Ọkọ yín tó ń ṣọ́ gáàsì kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn ni owó ń gbà jáde. Ó tún léwu bí aṣọ bá já lé e.

Ó ku bí ẹ ó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yin kọ́ ni kí ẹ sọ ọ́ fún màmá. Ọmọ wọn ni kó sọ fún wọn, kó sì kọ́kọ́ ra súẹ́tà náà dání. Ẹ ra tẹ̀mómítà yàrá, kò wọ́n, ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí màmá ti lè rí i. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé bá sì dé, ẹ ní kó ṣàlàyé lójú màmá ìdí tí kò fi yẹ kí yàrá ọmọ kọjá 20. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó bá sọ lè di ọ̀ràn, ti nọ́ọ̀sì kì í di ọ̀ràn.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Leeds. Ẹni tí a jọ ń gbé ní kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lórí ooru kékeré, pé ó dínwó ju kí a máa pa á, kí a máa tàn án. Ṣé òótọ́ ni? Bí mo bá sì dé láti ilé ẹ̀kọ́ tí ilé tutù, ṣé tí mo bá yí i sí 30 yóò yára móoru?
— Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Leeds

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ti èkíní. Ilé dà bí garawa tó ń jò: bí omi inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe máa jò kíákíá tó. Gbogbo wákàtí tí ilé fi móoru tí ẹ kò sí níbẹ̀, ooru tí ẹ rà ń bá ògiri àti òrùlé jáde. Ẹ fi aago ẹ̀rọ sí ìdajì wákàtí kí ẹ tó jí àti ìdajì wákàtí kí ẹ tó wọlé, kó sì pa ara rẹ̀ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ẹ sùn. Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ara yín le, láàárín 18 sí 20 tó.

Ní ti èkejì, 30 kò ní kó yára. Ibi tí ẹ̀rọ yóò ti dúró nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ fún un. Bọ́ílà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi rédíétọ̀ gbóná, kò ní sáré ju bó ṣe ń sáré lọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ ó gbàgbé, ẹ ó sì jí láàárọ̀ nínú òógùn. Lára rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan, 3 lórí bọ́tìnnì olónọ́ńbà sábà máa ń súnmọ́ 20°C. Ìràwọ̀ tàbí yìnyín kékeré tí ẹ rí níbẹ̀ wà fún kí omi má baà dì.

Bí bọ́ílà yín bá jẹ́ irú èyí tí kò ní táńkì omi gbígbóná, ẹ bi onílé bóyá ẹ lè dín ooru omi tó ń lọ sínú rédíétọ̀ kù. Púpọ̀ ni wọ́n ń fi sí 80°C, bẹ́ẹ̀ 60°C tó fún ọ̀pọ̀ ilé, nítorí pé bọ́ílà òde òní máa ń lo gáàsì dáadáa jù nígbà tí omi tó ń padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kò bá gbóná jù. Ẹni tó ní táńkì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ wá sísàlẹ̀ 60°C, kí kòkòrò àìsàn má baà bí sínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ SS, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ní Bronx ni a ń gbé, onílé ló sì ń tan ooru fún gbogbo ilé. Lóru, yàrá máa ń tutù débi pé ìrora ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Kí ni òfin sọ?
— Ìyá kan, New York

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tù ú lára. Òfin New York ṣe kedere lórí èyí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, bí ìta bá tutù ju 55°F lọ láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́, inú ilé kò gbọdọ̀ dín ní 68°F, ìyẹn 20°C. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, kò gbọdọ̀ dín ní 62°F, bó ti wù kí ìta rí. Bí onílé kò bá ṣe é, ẹ sọ fún un ní àkọsílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pe 311, nọ́ńbà tẹlifóònù ìjọba ìlú náà. Ẹ máa kọ ọjọ́, aago àti iye tí tẹ̀mómítà kà sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ìjọba bá rán wá yóò béèrè.

Ṣùgbọ́n 62°F kò tó 17°C. Bí onílé tilẹ̀ pa òfin mọ́, ìyẹn kò tó fún ọmọ yín, nítorí pé òtútù wà lára àwọn ohun tó máa ń fa ìrora fún ẹni tó jẹ́ SS: iṣan ẹ̀jẹ̀ á sún kì, ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé á sì há síbẹ̀. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, èmi kò ní jẹ́ kí yàrá rẹ̀ wá sísàlẹ̀ 20°C lóru, kí ẹ sì bi dókítà rẹ̀ léèrè iye tí òun fẹ́. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta fún un ju kí ẹ wọ ẹyọ kan tó nípọn, kó lè bọ́ ọ̀kan bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ohun tí àwọn ará New York mọ̀ dáadáa ni pé rédíétọ̀ tó ń lo ooru omi híhó lè sọ yàrá di ààrò lójijì lẹ́yìn tí ó ti tutù fún wákàtí mẹ́ta. Òógùn àti òùngbẹ sì ń fa ìrora SS bí òtútù ti ń fà á. Ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ó ti wù kí òtútù náà pọ̀ tó, ẹ má ṣe ṣí ìlẹ̀kùn ààrò gáàsì sílẹ̀ kí ilé lè móoru, ẹ má sì gbé èédú wọlé. Èéfín olóró tó ń jáde lára wọn kò ní òórùn, oorun ni ó sì ń kun ènìyàn kó tó pa á. Bí ẹ kò bá ní aago tó ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ lára ògiri, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé lọ́la; òfin ìlú náà ló ní kó fi síbẹ̀.