Fóònù mi fọ́, ṣé owó USDT mi ti lọ nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági tuntun n'Ìbàdàn. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ló máa ń fi USDT, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí iye ẹ̀ ń bá dọ́là rìn, ránṣẹ́ sí mi, òun náà ló bá mi gbé Trust Wallet, áàpù wọ́lẹ́ẹ̀tì tá a fi ń tọ́jú ẹ̀, sórí fóònù. Fóònù yẹn já bọ́, ojú ẹ̀ fọ́ yángá. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ní Queen Cinema ní kí n fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì ní kí n fún òun ní páásíwọ́ọ̀dù. Ẹnìkan tún wá bá mi lórí Telegram pé kọsitọ́mà kíà lòun, kí n fi ọ̀rọ̀ 12 tí áàpù yẹn fún mi nígbà tá a ṣí i ránṣẹ́ kóun bá mi yọ owó mi. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú gálárì mi, mo ya screenshot ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ blọ́ọ̀kù ará Telegram yẹn, olè ni. Kò sí ilé iṣẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì gidi kan tó máa bi yín ní ọ̀rọ̀ 12 yẹn láéláé.

Owó yín ò sí nínú fóònù rárá. Orí blockchain ló wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé jọ ń tọ́jú. Kọ́kọ́rọ́ owó ni áàpù yẹn ń bá yín mú dání, inú ọ̀rọ̀ 12 yẹn sì ni kọ́kọ́rọ́ ti ń jáde. Nítorí náà bí fóònù bá tiẹ̀ já sódò Ògùnpa, ẹ máa ra òmíì, ẹ máa gbé áàpù kan náà sí i, ẹ máa tẹ ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe tò tẹ̀léra, owó á yọjú. Àmọ́ ẹlòmíì tó bá rí ọ̀rọ̀ yẹn lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà látinú yàrá ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń wọn aṣọ fún kọsitọ́mà lọ́wọ́, kò sì sí báǹkì tẹ́ ẹ máa sáré lọ pé kí wọ́n dá a padà.

Screenshot yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Tẹ́ ẹ bá fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní páásíwọ́ọ̀dù, gálárì ti ṣí sílẹ̀ fún un nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí Google Photos ti gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá yí páásíwọ́ọ̀dù áàpù padà ó ti parí o, ọ̀rọ̀ 12 yẹn ò yí padà. Wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun lẹ máa ṣí, lórí fóònù míì tó mọ́, kì í ṣe ti ọmọ kékeré tó ń gbé géèmù oríṣiríṣi sí i. Ẹ fi bírò kọ ọ̀rọ̀ tuntun yẹn sórí bébà méjì, kí wọ́n má wà níbì kan náà, ẹ má yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rọ̀ 12 àtijọ́ ṣí ti àtijọ́, kẹ́ ẹ kó gbogbo owó ibẹ̀ sínú tuntun. Tó bá jẹ́ TRC20, ìyẹn USDT tó ń gba orí blockchain Tron, lọmọ yín ń lò, àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, tó dà bíi nọ́ńbà àkáǹtì, máa ń fi T bẹ̀rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní TRX, ìyẹn owó Tron fúnra ẹ̀, díẹ̀ níbẹ̀ fún owó ìfiránṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lọ.

Ẹ má sì kọ́pì àdírẹ́ẹ̀sì látinú hístírì, ìyẹn àkọsílẹ̀ owó tó ti wọlé àtèyí tó ti jáde, o. Àwọn olè máa ń fi owó tí ò tó nǹkan ránṣẹ́ síni láti àdírẹ́ẹ̀sì tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ẹ̀ jọ ti ẹni tá a mọ̀, kéèyàn lè ṣèèṣì sanwó fún wọn.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kúkú fi owó sórí exchange, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra irú owó yìí tí wọ́n sì ti ń tà á. Ó dáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ sí náírà, àmọ́ àwọn ló ń mú kọ́kọ́rọ́ dání níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Nígbà tí FTX, exchange ńlá kan, dojú dé ní November 2022, àwọn oníbàárà ò rí owó wọn yọ. Ti CBEX, tó pe ara ẹ̀ ní exchange, ní April 2025 tiẹ̀ burú jùyẹn lọ, ẹ ṣáà mọ bí àwọn èèyàn ṣe ya bo ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó níbí nígbà tí owó ò jáde mọ́, fígọ̀ lásán ni wọ́n ń rí lójú fóònù. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tà lọ́jọ́ yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ sórí exchange.

Ẹ pe ọmọ yín lónìí kó má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ yẹn mọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣí tuntun tán, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kẹ́ ẹ jọ kà á lórí fídíò kọ́ọ̀lù, kó fi kékeré wá ná, tó bá wọlé kó tó fi ìyókù sí i.