Ṣé eyín ọmọkùnrin tóbi ju ti ọmọbìnrin lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí a bá wọn eyín ọ̀pọ̀ ọmọdé, àkọ́hù eyín àwọn ọkùnrin máa ń tóbi díẹ̀ ju ti àwọn obìnrin lọ, ṣùgbọ́n ojú lásán kì í sábà rí ìyàtọ̀ náà.

Ìyá ìbejì kan ní Ilé-Ifẹ̀ ló béèrè, torí ó rí i pé eyín Táyé, tó jẹ́ ọkùnrin, fẹ̀ ju ti Kẹ́hìndé, tó jẹ́ obìnrin. Ìyàtọ̀ tí à ń sọ kò tó mìlímítà kan. Irinṣẹ́ ìwọ̀n ló ń fi í hàn. Láti inú oyún, ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ni eyín wọ̀nyí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í le, ohun tí ọmọ jogún lára bàbá àti ìyá ló sì ń pinnu púpọ̀ nínú ìwọ̀n wọn. Nítorí náà, eyín ọmọbìnrin lè tóbi ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ, kò sì sí àrùn kankan níbẹ̀. Iye wọn kò yàtọ̀: 20 ni fún takọtabo.

Ìyàtọ̀ náà máa ń hàn sí i nínú eyín àgbà, pàápàá eyín ṣóńṣó tó tẹ̀ lé mẹ́rin iwájú.

Bí eyín kan ṣoṣo bá fẹ̀ gan-an bíi pé méjì lẹ̀ pọ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo. Kí dókítà eyín yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn dókítà eyín wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀.